Ta ló ń sanwó ìròyìn tí à ń gbọ́ ní Ifẹ̀?

Ìbéèrè tí ọmọ Ìlódè kan nílùú wa kọ ránṣẹ́ ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, àwọn mìíràn sì ń dá sí i bí mo ṣe ń fèsì. Ó ní:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Bí mo bá tan rédíò láàárọ̀, wọ́n ń kí olóṣèlú. Bó bá di ọ̀sán, alágbo ti dé. Lálẹ́, olóṣèlú tí wọ́n kí láàárọ̀ á tún wá fẹnu ara rẹ̀ bá wa sọ̀rọ̀. Kòtò ojú ọ̀nà wa kò rí ẹni dárúkọ rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é lókè òkun? Ṣé kò yẹ kí àwa náà máa san owó rédíò bíi ti ìlú òyìnbó, kí àwọn oníròyìn lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí?"

*

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Wọ́n ń ṣe é lókè òkun, ọ̀nà tiwọn ló yàtọ̀. Kò sí ìròyìn ọ̀fẹ́ níbikíbi láyé. Ẹnìkan ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀.

Ẹnìkan ti yára fèsì pé ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹnu tí kò bá jẹ nǹkankan, agbára wo ló fẹ́ fi sọ ohunkóhun? Èmi ò bá akọ̀ròyìn jà pé ó jẹun. Ohun tí mo máa ń bèèrè ni iye èèyàn tó ń din dòdò ọ̀hún. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún èèyàn, tí ọ̀kan nínú wọn bínú, tó gbé àwo tiẹ̀ lọ, ebi ò ní pa ará ilé.

Mo ti ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rí nílùú yìí. Mo ra àkókò, mo wá onígbọ̀wọ́, mo ka ìkéde. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá ń ka ohun tí mo máa sọ.

*

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti ń gbé Manchester tipẹ́ ní ká wo BBC, ká yé dààmú ara wa. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wò ó. Ọdún 1922 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ìwé àṣẹ ọba sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lọ́dún 1927. Ilé tó bá ń wo amóhùnmáwòrán ní Britain gbọ́dọ̀ san owó ìwé àṣẹ lọ́dọọdún. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, pọ́n-ùn 174 àti àbọ̀ ni wọ́n sọ ọ́ dà. Ẹni tó bá ń wò ó láìsan lè bá ara rẹ̀ ní kóòtù. Owó yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí oníròyìn wọn lè kojú mínísítà, kó bi í ní ìbéèrè kan náà títí ọkùnrin náà á fi máa nu ojú.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n fò dá ni pé ìjọba ló ń pinnu iye tí wọ́n máa gbà, ìwé àṣẹ ọba yẹn sì lọ́jọ́ tó ń parí. Ìparí ọdún 2027 ni ọjọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn báyìí pé. Bí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́, ohùn àwọn olóṣèlú máa ń le sí wọn. Àti BBC Yorùbá tí inú wa dùn sí láti ọdún 2018: ẹ̀ka tó ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀ka yẹn sì ń jẹ nínú owó ìwé àṣẹ, ó tún ń gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba Britain tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Iṣẹ́ wọn dára, mo ń gbọ́ wọn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ẹni tó ń sanwó ni.

Bó bá jẹ́ àwòkọ́ṣe lẹ fẹ́, Jámánì ni ẹ bá wò. Gbogbo ilé ló ń san yúrò 18.36 lóṣù, ì báà ní tẹlifíṣàn, ì báà má ní. Ìgbìmọ̀ kan tó dá dúró ló ń ṣírò ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn aráàlú nílò, àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ á wá fọwọ́ sí i. Nígbà tí ọdún 2020 ń parí lọ, ìpínlẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Saxony-Anhalt yarí pé òun ò ní fọwọ́ sí i kí wọ́n kúrò ní 17.50. Lóṣù kẹjọ ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ wọn ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, kí owó tuntun máa lọ. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Hitler ló ni gbogbo rédíò ilẹ̀ náà nígbà kan, ojú wọn sì rí nǹkan.

Ilẹ̀ Faransé ní tiwọn fagi lé owó tẹlifíṣàn lọ́dún 2022; yúrò 138 ni wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Inú owó orí ọjà ni wọ́n ti ń yọ ọ́ báyìí.

*

Àbúrò kan bínú: "Ẹ fi Yúróòpù sílẹ̀, Amẹ́ríkà ni òmìnira wà."

Òmìnira wà níbẹ̀ lóòótọ́. Láti ọdún 1791 ni òfin ìpìlẹ̀ wọn ti sọ pé ilé aṣòfin kò gbọdọ̀ ṣe òfin tó máa dí ẹnu oníròyìn. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà ló ni púpọ̀ nínú ilé-iṣẹ́ ìròyìn ibẹ̀, ohun tó bá tà ni wọ́n ń gbé jáde. Lọ́dún 2023, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn Fox san dọ́là mílíọ̀nù 787.5 fún ilé-iṣẹ́ Dominion tó ń ṣe ẹ̀rọ ìdìbò, nítorí irọ́ tí wọ́n gbé sáfẹ́fẹ́ lórí ìdìbò ọdún 2020. Ní ti rédíò aráàlú wọn, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967 láti máa pín owó ìjọba fún un, ilé aṣòfin gba owó náà padà lọ́dún 2025, ó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là, àjọ ọ̀hún sì kéde pé òun ń palẹ̀ mọ́. Àwọn rédíò ìgbèríko ló jẹ ìyà rẹ̀ jù, torí èyí tó wà ní ìlú ńlá ṣì lè tọrọ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbọ́ ọ.

Owó tó wá láti ọwọ́ ìjọba, ọwọ́ yẹn lè ká a kò.

*

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ọ̀pọ̀ yín ń sọ̀rọ̀ bíi ẹni pé owó rédíò jẹ́ ohun tuntun tí a fẹ́ kó wọ̀lú. Ó ti wà nínú òfin wa. Òfin ọdún 1998 tó to owó orí àti oríṣiríṣi owó tí ìjọba lè gbà lẹ́sẹẹsẹ fi owó ìwé àṣẹ rédíò àti tẹlifíṣàn sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó tún fi ti rédíò inú ọkọ̀ kún un.

Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù ní Lágéré tàbí Mayfair mọ àwọn tó ń gbà á. Wọ́n á wọlé ní méjì-mẹ́ta pẹ̀lú ìwé rìsíìtì pélébé àti sítíkà lọ́wọ́. Kí wọ́n tó kí ọ tán, ojú wọn á ti lọ sára ògiri, wọ́n ń wá tẹlifíṣàn. Onígbàjámọ̀ kan máa ń fi aṣọ bo tiẹ̀. Aṣọ náà dọ̀tí débi pé òun gan-an ló ń tú u fó. Èmi bi ọ̀kan nínú wọn léèrè níbẹ̀ pé rédíò wo ni owó yìí ń lọ bá. Ó wò mí, ó wo bébà ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ rédíò kọ́ la bá wá o, ọ̀rọ̀ owó rédíò ni."

Nítorí náà, ọmọ Ìlódè, ohun tí o ní ká bẹ̀rẹ̀ sí í san, àwọn kan ti ń san án. Rédíò ni kò rí i gbà.

Àwọn mẹ́ta ló ti ń fèsì pé kí wọ́n kúkú kó o fún rédíò ìjọba. Mi ò sí níbẹ̀. Níbi tó bá jẹ́ gómìnà ló ń yan ọ̀gá àgbà, tó sì lè yọ ọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, bí a bá da owó aráàlú síbẹ̀, ńṣe la ń fi owó tiwa sanwó oríkì ẹlòmíràn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan ọ̀gá ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹ tó wá bá mi sọ̀rọ̀ owó.

*

"Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ gan-an lẹ ba nǹkan jẹ́. Alágbo ló ń bọ́ yín."

Ẹni tó kọ èyí kò parọ́, ṣùgbọ́n kò mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ yín rò pé ilé-iṣẹ́ rédíò ló ń sanwó fún gbogbo ohùn tí ẹ ń gbọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí ẹ fẹ́ràn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Àkókò ni wọ́n rà. Ilé-iṣẹ́ á sọ iye tí ìdajì wákàtí kan jẹ́ lọ́sẹ̀, atọ́kùn á san án ṣíwájú, òun fúnra rẹ̀ á wá jáde lọ wá onígbọ̀wọ́ tí á fi rí owó rẹ̀ padà. Bí kò bá rí, gbèsè ló fi ṣètò. Nítorí náà, kó tó ronú ohun tó máa sọ lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti lo ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ nídìí ẹni tó máa sanwó.

Ta ló máa ń sanwó kíákíá? Alágbo, alásọtẹ́lẹ̀, onílẹ̀ tó ń ta pulọ́ọ̀tì, olóṣèlú nígbà ìdìbò. Alágbo ló dúró ṣinṣin jù. Ó máa gbé ìgò wá sí sítúdíò, ó máa kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí o kà sínú ìwé àjákọ: jẹ̀díjẹ̀dí, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọmọ bíbí, ìgò kan náà ló ń wo gbogbo rẹ̀. Òfin ní kí NAFDAC kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìpolówó oògùn. O bi alágbo, ó ní "ó ti wà nílẹ̀." Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ohùn tó ka ìròyìn ikú fún ọ ní agogo méje ló ń sọ fún ọ ní méje ààbọ̀ pé kí o dá oògùn ọsibítù dúró. Ìyá àgbà tó ń gbọ́ ọ ní Mọ̀rè kò mọ ibi tí ìròyìn parí sí àti ibi tí ọjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹlòmíràn máa ka ìpolówó. Wọ́n ní ohùn mi ni alágbo rà, pé bí kò bá sí ohùn yẹn, kò sí owó. Ọ̀gá náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Iná mànàmáná ló ń lé e kiri.

Owó kan tún wà tí ẹ kì í kà sí: ìkéde òkú, ìkíni ọjọ́ ìbí, ìpàdé ẹgbẹ́, ọmọ tó sọnù, ìwé ẹ̀rí tó bọ́ sọ́nà. Ẹ wo yàrá ìgbàlejò rédíò èyíkéyìí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí òkú òpin ọ̀sẹ̀ ti ń sún mọ́. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò á jókòó pẹ̀lú bébà, wọ́n ń jiyàn orúkọ ẹni tó yẹ kó ṣáájú, akọ̀wé á máa ka ọ̀rọ̀ náà níye kó tó bu owó lé e. Bùrọ̀dá tó wà ní Àmẹ́ríkà gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, òun ló kúkú fi owó ránṣẹ́. Owó yìí kéré lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ kò kéré. Mi ò sì tíì rí ọmọ olókùú tó ní òun máa gba owó òun padà bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ kòtò ojú ọ̀nà.

*

Ẹni tó sọ pé ti Ṣáínà ló dára jù, pé ohùn kan ṣoṣo, ìlú sì tòrò: lóṣù kejìlá ọdún 2019, Li Wenliang, dókítà ojú ní Wuhan, kìlọ̀ fáwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ nípa àìsàn kan. Ọlọ́pàá pè é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, wọ́n ní kó fọwọ́ síwèé pé ọ̀rọ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀ lòun ń sọ. Lóṣù kejì, àrùn kòrónà pa á. Ìlú tòrò lóòótọ́.

*

Ará Iléṣà kan wọlé, ó ní ẹ̀yin ará Ifẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kòtò, àwọn tó ń wa góòlù ń sọ omi di ẹrẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ó ní rédíò ìjọba àpapọ̀, Gold FM, wà ní Iléṣà, orúkọ góòlù gan-an ló ń jẹ́, kí ló dé tó jẹ́ ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì láti Àbújá àti Èkó la ti ń ka ọ̀rọ̀ náà?

Èyí dùn mọ́ mi, torí ó gbé wa kúrò nídìí ẹ̀sùn pé oníròyìn kò nígboyà. Omi odò Ọ̀ṣun yí pa dà débi pé lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fáwọn tó wá bọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo pé kí wọ́n má mu ún. Láti mọ ohun tó wà nínú omi, o ní láti bù ú, kó o gbé e lọ yàrá àyẹ̀wò, kó o sanwó, kó o dúró. Ilé-iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń rówó gbà lọ́wọ́ àwọn àjọ ìrànwọ́ òkèèrè lè ṣe ìyẹn. Atọ́kùn tó ti fi owó tiẹ̀ ra ìdajì wákàtí, níbo ló ti fẹ́ rí i? Àjọ òkèèrè náà sì ní ohun tó wù ú. Ó lè wù wọ́n kí o kọ nípa góòlù lọ́dún yìí, kó tún jẹ́ ọmọbìnrin nílé ẹ̀kọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Kòtò Ìlódè kì í wù wọ́n rárá.

*

Lórí ẹ̀gúnjẹ: bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń gbà á. "Owó ọkọ̀" ni wọ́n ń pè é, wọ́n á fi í sínú àpòòwé, olúkúlùkù á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ wo iye tó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ fún oṣù rẹpẹtẹ láìgbowó, káàdì ìdánimọ̀ nìkan ni wọ́n fún wọn, pé kí wọ́n fi í wá oúnjẹ jẹ. Ẹ bú akọ̀ròyìn bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ rántí bú ẹni tó gbà á síṣẹ́ náà.

Kí ẹ sì má ṣe jẹ́ kó dà bíi pé gbogbo wọn ni. Ní Ifẹ̀ yìí ni wọ́n bí Dele Giwa, olóòtú ìwé ìròyìn Newswatch, sí lọ́dún 1947. Ọmọ Ekperi ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ni, bàbá rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ láàfin Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí. Lágéré ló ti kàwé kó tó lọ Oduduwa College. Ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1986 ni bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa á nílé rẹ̀ n'Íkẹjà. Títí dòní, wọn ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, ìjọba ológun fi òfin kẹrin (Decree 4) tí wọ́n fi de oníròyìn ju Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn The Guardian ilẹ̀ wa sẹ́wọ̀n ọdún kan. Ẹni tó bá ń kọjá ní Lágéré lójoojúmọ́ lè má mọ̀ pé ọmọ àdúgbò ni Dele Giwa. Ó yẹ ká mọ̀.

*

Ọmọ yunifásítì kan ní rédíò ti kú, pé orí Facebook àti WhatsApp lòun ti ń gbọ́ gbogbo nǹkan.

Ẹni tó ni Facebook kì í gbé Ifẹ̀. Lóṣù kẹfà ọdún 2023, Kánádà ṣòfin pé kí Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, máa san nǹkan fáwọn oníròyìn; nígbà tó di oṣù kẹjọ, Meta bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìròyìn kúrò lójú òpó tiẹ̀ níbẹ̀. Àwa náà jí lóṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba ti ti Twitter pa, ó di oṣù kìíní ọdún 2022 kó tó padà.

Ní ti WhatsApp, àwa tí a wà nílùú yìí nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Mọ̀dákẹ́kẹ́, láti 1997 dé 2000, mọ ohun tí àhesọ lè ṣe kí WhatsApp tó dáyé. Bí ohùn àìmọ̀dí kan bá wọ fóònù báyìí pé "wọ́n ti ń pààyàn lójú ọ̀nà," àwọn ìyá ọlọ́jà á bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ibi tó ti wá. Ohun tó ń pa irú rẹ̀ ni kí ẹnìkan tí ìlú mọ ohùn rẹ̀ gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀, kó wò ó, kó sì sọ ọ́ lórí rédíò pé "mo wà ní ojú ibẹ̀ báyìí, ọ̀nà ṣí." Ẹni yẹn gbọ́dọ̀ jẹun.

*

Ọmọ Ìlódè padà wá: "Bàbá, ẹ ti lọ jìnnà. Ṣé kí n san àbí kí n má san?"

San án, àmọ́ má san án fún ìjọba. Ohun tí mo rí pé ó ṣeé ṣe níhìn-ín nìyí: kí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ ọlọ́kadà, ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ dá owó jọ, kí wọ́n ra ìdajì wákàtí kan lọ́sẹ̀ bí alágbo ṣe ń rà á. Kí wọ́n fi òdiwọ̀n sí iye tí ẹnì kan lè dá. Kí wọ́n máa ka orúkọ gbogbo àwọn tó dáwó sórí afẹ́fẹ́. Kí wọ́n má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń du ipò. Ẹnìkan ti ń rẹ́rìn-ín pé ẹgbẹ́ onílé kan ò lè dá owó tíráńsífọ́mà jọ láìjà. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n a ń dáwó aṣọ ẹbí lóṣooṣù, kò sì sí ẹni tó ń fọlọ́pàá mú wa.

Kí atọ́kùn ètò náà má kàn jókòó máa kígbe kòtò. Kó kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀, kó bèèrè iye tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ọ̀nà náà àti ẹni tó gbaṣẹ́. Òfin òmìnira láti gba ìwífún ti wà láti ọdún 2011: ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn, kò sì pọn dandan kí o sọ ìdí tí o fi fẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó fún ọ. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń sọ tẹ́lẹ̀ pé ìjọba àpapọ̀ nìkan ló kàn. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní gbogbo wọn ló kàn, títí kan ìjọba ìbílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ lo ní láti gbé e lọ sí kóòtù.

*

Àǹtí tó bèèrè bóyá ìyá òun tí kò mọ̀wéé kọ náà lè bèèrè: ó lè bèèrè. Òfin yẹn fàyè gba ẹnu. Bó bá dé ọ́fíìsì, tó sọ ohun tó fẹ́ mọ̀ fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi sídìí ọ̀rọ̀ náà, òṣìṣẹ́ yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yin náà lè bá a kọ ọ́. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ màmá, kí ọjọ́ sì hàn lára òǹtẹ̀ náà, torí ọjọ́ yẹn lẹ máa fi ka méje.